Òkúta tí Ọ̀gá Mi Ń Kí
Èmi ni mo ba rédíò tí Alájì oníyanrìn fi ń bá àwọn dẹ́rẹ́bà ẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́, kì í ṣe ọ̀gá mi. Kí ọ̀gá tó fọwọ́ kan kírísítálì, òkúta tó ń mú rédíò dúró sójú kan, á kí i: "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá." Ó ní kapasítọ̀, ẹ̀yà tó ń gba iná pamọ́, tó bá ti tóbi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á mú un ṣìnà. Èmi fi ńlá sí i. Owó epo rọ̀bì ti dé ìlú, ta ló ń lo kékeré?

Alájì já wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣógúnlé: "Mo ń pe dẹ́rẹ́bà mi n'Ísọlọ̀, kò gbọ́! Ọ̀dẹ̀ wo ló ṣe é?"

"Èmi ni, sà," ni ọ̀gá wí. Ọ̀gá yọ kapasítọ̀ náà, ó ní: "Eléyìí tó ìkòkò ọbẹ̀!" Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Alájì ò padà wá mọ́. Mo ṣì jẹ ọ̀gá ní "Ẹ forí jì mí, sà" kan.