Ààlà Inú Ọrùn Sàlámì

Ó na ìka ìfábẹ̀lá, ó fi kan orí ahọ́n. Ó wò ó. Omi tó wà lára rẹ̀ kò tó. Ó tún fi kan ahọ́n. Lẹ́yìn náà ló gbé ìka ọ̀hún lọ sí ọrùn, lábẹ́ etí òsì, níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yíǹkì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí. Ó rọra ń nù ún. Díẹ̀díẹ̀. Bí ìyá tó ń nu ẹnu ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ìlà náà parẹ́ tán, ó yọ báírò nínú àpò dàńṣíkí, ó kọjú sí dígí ara ògiri, ó sì fa ìlà tirẹ̀. Tirẹ̀ fi ìwọ̀n ìka kan jìnnà sí gògóńgò ju ti àwọn dókítà lọ.

"Ó yá," ló wí. "Ẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kọjá ibẹ̀ yẹn."

Gbogbo Bẹ́yẹrúnká n'Ìbàdàn ló mọ ìtàn yìí. Olóògbé Sàlámì Onígbàǹjo ni. Ọdún 2016, nílé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ. Ìlà tó nù yẹn ni yóò júwe ọ̀nà fún ìtànṣán. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé omi kò gbọdọ̀ kàn án. Nígbà tí Dókítà Morádéyọ̀ sáré dé, tó ké pé, "Bàbá, ṣebí a ní kí omi má kàn án?", ẹ̀rín ni Sàlámì rín.

"Itọ́ kì í ṣe omi."

Iṣẹ́ gbàǹjo ló ń ṣe. Ó ń ta ẹrù onígbèsè, ẹrù olóògbé, ẹrù ẹni tó sá lọ. Bó bá la ẹnu ní Oríta-mẹ́rin, wọn a gbọ́ ọ ní Ọjà'ba. Orógbó kì í kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀, nítorí ohùn. Ó wà lẹ́nu rẹ̀ bó bá jí. Ó wà níbẹ̀ bó bá ń kírun. Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní òun ò tíì rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lófìfo láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ohùn niṣẹ́ rẹ̀. Ààlà ni àìsàn rẹ̀.

Ògúnlẹ́yẹ, aládùúgbò rẹ̀, kan páànù tuntun sórí ilé. Òjò rọ̀. Omi bọ́ láti etí páànù sínú ọgbà Sàlámì.

"Ògúnlẹ́yẹ! Òjò rẹ ń wọ ilẹ̀ mi o."

"Ṣé èmi ni mo rọ̀ ọ́ ni?"

Sàlámì yí padà wọlé. Ó to agbada, ó to garawa, ó to àgbá sábẹ́ páànù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo òjò ọdún yẹn, kò jẹ́ kí ìkán kan ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, omi ẹ̀rọ dá, Ògúnlẹ́yẹ gbé korobá wá.

"Alàgbà Sàlámì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bu omi fún mi."

"Omi wo?"

"Omi orí páànù mi."

"Ọ̀gbẹ́ni, omi tó bá ti kọjá ààlà ti di onílẹ̀."

Ó bu omi fún un ṣá. Ó bù ú kún. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ní kí Ògúnlẹ́yẹ kí omi náà kú ilé.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ló jẹ̀bi láyé rẹ̀. Ó ní Àṣàkẹ́ ń gba ibùsùn mọ́ òun lọ́wọ́. Ló bá ta òwú dúdú la àárín bẹ́ẹ̀dì já, orí sí ẹsẹ̀. Àràárọ̀ ni Àṣàkẹ́ ń sún òwú náà, bíńtín. Nígbà tó pẹ́, imú Sàlámì kan ògiri.

"Àṣàkẹ́! Òwú yìí ń rìn!"

"Kò rìn, Bàbá Ràbíátù. Ìdílé mi ló pọ̀ sí i."

Kò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Irú ẹni tí kókó yọ sí lọ́fun nìyẹn, lápá òsì. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Sàlámì kò béèrè bóyá òun yóò kú. "Ohùn mi ńkọ́?" ló béèrè.

Morádéyọ̀ kò tíì pé ogójì ọdún, ó sì ní sùúrù. Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Àpò itọ́ kan wà lábẹ́ etí kọ̀ọ̀kan. Ti òsì sún mọ́ kókó náà jù, ìtànṣán yóò sun ún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dáàbò bo ti ọ̀tún, tí wọ́n sì dáàbò bo gògóńgò, Bàbá yóò padà sí Oríta-mẹ́rin.

"Bí méjèèjì bá jóná ńkọ́?"

"Ẹnu yín yóò gbẹ, Bàbá. Títí ayé. Ẹ ò ní lè sọ̀rọ̀ pẹ́."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tí Àṣàkẹ́ rí i tí kò du nǹkan kan. Ó kàn wo ilẹ̀. Onígbàǹjo tí kò lóhùn. Kí ló kù?

Wọ́n ya àwòrán inú ọrùn rẹ̀, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Kọ̀ǹpútà tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń fa ìlà yí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ká lórí àwòrán: gògóńgò, eegun ẹ̀yìn, àpò itọ́. Ohun tí ìlà bá yí ká, ìtànṣán yóò yà fún un. Iṣẹ́ tí dókítà ń fi lẹ́ẹ̀dì ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, kí èèyàn tó mu tíì tán, kọ̀ǹpútà ti parí rẹ̀. Gbogbo wọn fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ń nu eruku ara rẹ̀ bí ọmọ tuntun.

A ti padà dé ọjọ́ itọ́ nìyẹn. Sàlámì dúró, ọwọ́ lẹ́yìn, kò dùbúlẹ̀.

"Ta ló pa ààlà yìí?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Bàbá."

"Ọmọ ilé ta ni?"

"Bàbá, ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ pa ààlà sílẹ̀ mi, kò ránṣẹ́ pè mí?"

"Kò sí ilẹ̀ kankan níbẹ̀. Ọrùn yín ni."

"Ta ló ń gbé inú ọrùn náà?"

Morádéyọ̀ wo Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ na ọwọ́ méjèèjì.

"Dókítà, ẹ tètè fi hàn án o. Ọkùnrin yìí gbé èèyàn dé kóòtù Mápó nítorí igi ìbẹ́pẹ."

N'Ìbàdàn, tí wọ́n bá ń jà sí ààlà, adájọ́ kì í jókòó ti ìwé. Yóò dìde. Olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́, gbogbo wọn á jọ fi ẹsẹ̀ rìn ín, láti pèrègún dé pèrègún. Ohun tí Sàlámì ń fẹ́ nìyẹn. Ó ní kí wọ́n jọ rìn ín. Morádéyọ̀ mí kanlẹ̀, ó tan kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbéra láti òkè orí, pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn òmíràn.

Sàlámì du gbogbo rẹ̀.

"Kí ni funfun yẹn?"

"Eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ni."

"Ó kéré. Wọ́n ti gé níbẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni ò gé e, Bàbá."

"Èyí ńkọ́?"

"Ahọ́n yín."

"Irọ́. Ahọ́n mi gùn ju báyìí lọ."

"Ó sọ òótọ́ níbẹ̀ yẹn," ni Àṣàkẹ́ wí.

Kò jàre ní ibì kankan. Ó fi ojú pe etí. Ó ní wọ́n ti jí lára ilẹ̀ etí òun. Nọ́ọ̀sì méjì ti sá jáde lọ rẹ́rìn-ín. Morádéyọ̀ náà ń bu ètè jẹ. Àfi bó ṣe dé pẹlẹbẹ kan, tó dá ọwọ́ dúró.

Ó padà sẹ́yìn. Ó tún lọ síwájú. Nǹkan kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, roboto, ó ki pọ́pọ́. Ìlà àwọ̀ ewé tó yẹ kó yí àpò itọ́ ká lábẹ́ etí ti fi àpò itọ́ sílẹ̀. Nǹkan roboto náà ló dì mọ́.

"Bàbá, lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán yìí, kí ló wà lẹ́nu yín?"

"Lẹ́nu mi?"

"Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún."

"Eyín."

"Yàtọ̀ sí eyín."

Àṣàkẹ́ pàtẹ́wọ́, ó lọgun. "Orógbó! Bàbá Ràbíátù, o gbé orógbó wọ inú ẹ̀rọ!"

"Wọ́n ní kí n bọ́ aago, mo bọ́ aago. Wọ́n ní kí n bọ́ òrùka, mo bọ́ òrùka. Ta ló dárúkọ orógbó?"

Kọ̀ǹpútà ti fi orógbó pe àpò itọ́. Ó sé ọgbà yí i ká bí ọmọ ọba. Àpò itọ́ gan-an wà níta gbangba, níbi tí ìtànṣán yóò ti bá a.

"Ẹ fẹ́ sun itọ́ mi," ni Sàlámì wí jẹ́jẹ́, "kí ẹ dá orógbó sí."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ fi orógbó síbẹ̀, Bàbá!"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo fún un níwèé ilẹ̀."

Morádéyọ̀ kò lè rẹ́rìn-ín. Òun ló yẹ kó yẹ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò. Ó sì ti wò ó, ṣùgbọ́n ó fi ojú fò ó ni, nítorí kọ̀ǹpútà kì í sábà ṣì í. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Sàlámì sún mọ́ ọn. Ó fa aṣọ funfun tó yẹ̀ ní ejìká dókítà, ó tún un ṣe fún un.

"Má sunkún, ọmọ mi. Àwa méjèèjì ni orógbó yìí fẹ́ lù ní jìbìtì."

Wọ́n tún àwòrán yà. Lọ́tẹ̀ yìí Àṣàkẹ́ kọ́kọ́ ti ìka bọ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, ó yẹ ọ̀tún, ó yẹ òsì. Lábẹ́ ahọ́n, ó fa ààbọ̀ orógbó yọ.

"Èyí ńkọ́?"

"Ẹlẹ́rìí ni."

Morádéyọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà tuntun, ó sì pe Sàlámì kó wá wò ó kí ó tó fọwọ́ sí i. Sàlámì dùbúlẹ̀ fún ìtànṣán ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ó rù. Awọ ọrùn rẹ̀ bó. Ẹ̀kọ mímu nìkan ló lè gbé mì. Ohùn rẹ̀ lọ pátápátá, ilé sì pa lọ́lọ́ débi pé Ògúnlẹ́yẹ ń yọjú lójoojúmọ́ láti wò bóyá ó ṣì wà láàyè.

Ó wà láàyè. Itọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún padà, lẹ́yìn náà ni ohùn. Ó kọ́kọ́ dún bí ìlẹ̀kùn tí kò ní epo lára. Kí ọdún tó yípo, ó dìde sí orí àpótí ní Oríta-mẹ́rin, ìgò omi lọ́wọ́ kan, aago ògiri lọ́wọ́ kejì. Morádéyọ̀ wà láàárín èrò. Ó ti gbọ́ pé ohùn náà ti padà, ó ní òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ọ.

"Bàbá, aago yẹn ò ní ọwọ́!" ló ké sí i.

"Ìdí nìyẹn tí kò fi lè parọ́!"

Morádéyọ̀ rà á. Sàlámì kò dín in fún un.

Ojú oorun ni Sàlámì kú sí, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọjọ́ ogbó ni, jẹjẹrẹ kọ́. Lọ́jọ́ àdúrà, Morádéyọ̀ wá jókòó ti Àṣàkẹ́ lórí ẹní. Wọ́n sọ ti orógbó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, omi náà kò sì tètè dá.

"Ilé ti dákẹ́ jù," ni Àṣàkẹ́ wí. "Kò sẹ́ni tó ń bá mi du nǹkan kan mọ́."

Ní yàrá ìtànṣán náà, àga méjì ló wà níwájú kọ̀ǹpútà báyìí. Aláìsàn ló ń jókòó lórí èkejì.