Atalẹ̀ Ló Kun Tìmùtìmù Lọ́wọ́

Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ Tìmùtìmù ti bàjẹ́ pátápátá, pé gbogbo ara rẹ̀ ti di yẹ́lò, àti pé ìyàwó rẹ̀ ti ń wá ẹni tó máa ra máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ìsọ̀ onídìrí ni mo ti gbọ́ ọ, wọn ò tíì di irun mi dé ìdajì. Ẹ̀rín pa mí débi pé onídìrí ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ gbọ́, irọ́ ni. Àbúrò mi ni Tìmùtìmù, ìyá kan náà ló bí wa, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti ń ra òwú àti bọ́tìnì tó fi ń ṣe àga.

Iṣẹ́ àga onífóòmù ló ń ṣe. Á tú àga tó ti gbó, á yọ fóòmù inú ẹ̀ dànù, á ki tuntun sí i, á wá fi aṣọ bò ó. Ẹnu ẹ̀ kì í dilẹ̀: bí ìṣó ò bá sí láàárín eyín ẹ̀, ẹlẹ́rìndòdò ló ń mu. Nígbà tí dókítà sọ fún un pé ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ ẹ̀, ńṣe ló bínú wá bá mi.

"Èmi tí mi ò mutí rí! Àǹtí mi, ta ló wá ń bá mi mu ún?"

Dókítà ní kó jáwọ́ nínú ohun dídùn, kó máa rìn, kó sì padà wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Pé bí ọ̀rá yẹn bá pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ lè le bí pákó, kó má ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rù bà á. Àbíkẹ́yìn ẹ̀ ò tíì mọ̀wé kà.

Oníbàárà kan ló wá sọ fún un pé atalẹ̀ pupa ń fọ ẹ̀dọ̀. Ló bá ń fọwọ́ lásán rin ín láràárọ̀, ó ń sè é, ó ń mu ún. Kò pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ fi pọ́n bí ìyeyè. Ọwọ́ yẹn náà ló fi na aṣọ funfun sórí àga obìnrin kan. Obìnrin náà dé, ó bá àmì ìka lórí àga, ó wo ọwọ́ Tìmùtìmù, ó sì sá jáde. Ó ti gbọ́ pé àrùn ẹ̀dọ̀ máa ń sọ èèyàn di yẹ́lò. Ibẹ̀ ni òfófó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀ náà gbọ́, ó bú sẹ́kún. Àwa méjèèjì la wọ́ ọ lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú ẹ̀ wálẹ̀.

"Ojú yín funfun báláú. Ẹ lọ fọwọ́, sà."

A rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, ẹ̀rín tán: ọ̀rá ò dín, ńṣe ló tún lé díẹ̀.

"Gbogbo atalẹ̀ tí mo mu ńkọ́?" Ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe ń mu ún?" ni dókítà bi í.

Ìyàwó ẹ̀ ló dáhùn. "Oyin ni, dókítà! Bàbá wọn ò lè gbé ohun kíkorò mì. Oyin ló ń mu, atalẹ̀ kàn ń sìn ín lọ ni."

"Ìyá wọn, o ti tú àṣírí mi fó!"

Dókítà ní ṣúgà ṣì ni oyin, àti pé bó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ máa ń sọ ọ́ di ọ̀rá. Atalẹ̀ inú ọbẹ̀ ò burú. Wọ́n ti dán an wò, àbájáde kan dára, ṣùgbọ́n kò tíì tó ohun téèyàn máa gbára lé. Èyí tí wọ́n fún pọ̀ sínú kóró oògùn ti ṣe ẹ̀dọ̀ àwọn kan léṣe. Ó ní kọfí ni ìwádìí tì lẹ́yìn jù, pé àrùn ẹ̀dọ̀ ò wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń mu ún bíi ti àwọn tí kò mu ún. Kì í ṣe oògùn o, kò sì gbọdọ̀ fi ṣúgà sí i.

Bí ìyàwó ẹ̀ ṣe ti oyin mọ́ inú àpótí aṣọ nìyẹn. Ẹlẹ́rìndòdò wábi gbà. Ẹ ì bá rí ojú Tìmùtìmù nígbà tó kọ́kọ́ mu kọfí, bí ẹni tó gbé ìṣó mì! Ó wá ń fẹsẹ̀ rìn lọ wọn àga nílé oníbàárà.

Lánàá ló gba èsì tuntun, ọ̀rá ti ń lọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó mọ́ tónítóní.

"Àǹtí mi, ẹ sọ fún wọn níbi ìdirí pé mi ò ta máṣíìnì mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó mi bá yà lọ́dọ̀ yín, ẹ bá mi bi í, ẹ̀kán oyin kan ṣoṣo, ṣé kò sí?"