Akínpẹ̀lú Kó Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Lọ Wo Ìkòyí

Ẹni tó bá gbọ́ bí Akínpẹ̀lú ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní kíláàsì rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, á rò pé ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ Ìkòyí-Ilé dó. "Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ ni mí o! Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn!" Á tún lu àyà gbì gbì. Ọkùnrin yìí kan náà, ọdún mẹ́tàlá gbáko ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ Ìkòyí. Èmi ò mọ irú ọmọ Ẹ̀ṣọ́ tó ń sá fún ilé bàbá rẹ̀.

Òun nìkan ló mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí Joseph, bàbá rẹ̀, kú, ọwọ́ Akínpẹ̀lú gbẹ. Kò sí màlúù, kò sí ìrẹsì, kò sí ohun tí wọ́n máa fi ṣe àlejò. Ó ní òun ò ní mú ọwọ́ òfìfo lọ sin bàbá òun kí ayé má baà fi òun ṣẹ̀sín. Lọ́jọ́ kẹta, ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé òkú wọlẹ̀ ná, tó bá yá òun á wá ṣe òkú ńlá. Ó yá, kò lọ. Ó tún yá, ojú ti wá ń tì í láti lọ. Nígbà tó fẹ́ Adéọlá, ó sọ fún un pé itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n sin bàbá òun sí. Irọ́ gbuu!

Àfi bí Adéọlá ṣe ní ọdún Àjíǹde yìí, Ìkòyí làwọn máa lọ pàgọ́ sí, kí àwọn ọmọ lè rí ìlú bàbá wọn. Akínpẹ̀lú ní ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀. Adéọlá rẹ́rìn-ín: "Daddy Fìyìn, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ ń sá fún ẹ̀fọn kẹ̀?" Wọ́n ra búrẹ́dì ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n forí lé ọ̀nà. Ẹ̀yìn ìlú pátápátá ni Akínpẹ̀lú pàgọ́ sí, níbi tó rò pé ẹnikẹ́ni ò ti ní dá òun mọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n gun àpáta. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́, òrùlé páànù ń dán nísàlẹ̀, oko gbágùúdá àti igi emi lọ títí dé ibi tí ojú ò ríran mọ́. Olúwaníyì, ọmọ ọdún méje, ń fò sókè: "Daddy, ẹ wò ó! Ẹ wò ó!" Inú Akínpẹ̀lú náà fẹ́ máa dùn. Ibẹ̀ ni Fìyìnfólúwa, ẹ̀gbọ́n Olúwaníyì, ti nawọ́ sí ògiri alámọ̀ kan tó ti wó nísàlẹ̀ àpáta.

"Daddy, ilé ta nìyẹn?"

Ilé tí wọ́n bí Akínpẹ̀lú sí ni. Ẹnu rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ kó tó ronú: "Ahoro ayé ogun ni. Á tó igba ọdún."

Ta ló rán an níṣẹ́? Ọmọ tó bá gbọ́ ahoro ogun, ṣé ó tún lè dúró? Wọ́n ti sáré sọ̀ kalẹ̀, Adéọlá tẹ̀lé wọn. Kí Akínpẹ̀lú tó dé ibẹ̀, Fìyìnfólúwa ti gorí pèpéle sìmẹ́ǹtì kan láàárín koríko, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ìyá rẹ̀ ń yà á ní fọ́tò.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un, ṣùgbọ́n Akínpẹ̀lú mọ ohun tí wọ́n ń fi sìmẹ́ǹtì bò láàárín àgbàlá. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó fẹ́ ní "Sọ̀ kalẹ̀," àmọ́ tó bá sọ ọ́, wọ́n á bi í pé kí ló dé. Ọmọ rẹ̀ ń tẹ bàbá bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó mà ṣe o!

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀! Òkú ló wà níbẹ̀!"

Ìyá arúgbó kan ló ń ti oko bọ̀, ó ru igi ìdáná. Adéọlá kúnlẹ̀ kíákíá. "Ẹ kú oko mà. Ẹ má bínú, a ò mọ̀ ni. Ṣé ẹni yìí ò bímọ ni, tí koríko fi bò wọ́n báyìí?"

"Ó bímọ. Ọ̀kan ṣoṣo. Tíṣà ni, Ọ̀yọ́ ló wà. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Èmi Àṣàkẹ́, àbúrò rẹ̀, ni mo sin ín." Ojú ìyá náà ti ń ṣe bàìbàì, kò dá ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn wọn mọ̀.

Fìyìnfólúwa yíjú sí bàbá rẹ̀. "Daddy, tíṣà l'Ọ́yọ̀ọ́? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Irọ́ kan ṣoṣo ló kù kó pa, kí wọ́n sì padà sí àgọ́ wọn. Ó wo ojú ọmọ náà, kò lè pa á. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú koríko.

"Ìyá, èmi ni. Èmi Akínpẹ̀lú ni."

Adéọlá fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ọmọ ń wo bàbá wọn nílẹ̀, wọn ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń sọ̀rọ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀: "Ọwọ́ mi ò tó o, Ìyá. Mo ní kí n kọ́kọ́ rí màlúù kan..."

Ìyá náà sọ igi kalẹ̀. Kò ní kó dìde.

"Ọjọ́ mẹ́ta la gbé e sílẹ̀ dè ọ́, títí ó fi ń rùn mọ́ wa lọ́wọ́. Akínpẹ̀lú, ta ló béèrè màlúù lọ́wọ́ ẹ?"