Ẹgbàajì Táìlì àti Ẹyọ Kan

Ọjọ́ kẹta rèé tí ọmọ onítáìlì ti ń bá nọ́ńbà kan jà. Nọ́ńbà ló ń borí.

Bàbá rẹ̀ ló fi nọ́ńbà náà sílẹ̀ fún un. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá fi ń da sìmẹ́ńtì sínú fọ́ọ̀mù, ó fi ń mọ táìlì kéékèèké bí àtẹ́lẹwọ́. Ilé onílé ló ń tẹ́. Ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ wà ní erùpẹ̀. Ìgbà tó wá ṣe ti ìyàwó rẹ̀ tán, ikú ò jẹ́ kó tẹ́ ẹ. Ó ti tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye wọn: 4001.

Ìyá ní, "Gbogbo rẹ̀ ni kí o tẹ́. N ò fẹ́ kí ẹyọ kan ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí n máa wò ó."

Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ̀yìnkùlé fẹ̀, ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n tẹ́. Kíkà ni bàbá kì í jẹ́ kó bá òun ṣe. Ṣùgbọ́n bàbá ní òfin kan: a kì í gé táìlì. Ìlà gbogbo gbọ́dọ̀ dọ́gba. Kíláàsì karùn-ún ni ọmọ yìí ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ó wá ń fi ṣọ́ọ̀kì pín nọ́ńbà náà lára ògiri. Sọ́nà méjì, ọ̀kan ṣẹ́ kù. Mẹ́ta, méjì. Méje, mẹ́rin. Ó pín in títí dé mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Méjìlélọ́gbọ̀n ṣẹ́ kù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, yọjú lójú fèrèsé. "Àbúrò, ṣé ò ń kun ògiri ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀ o."

"Máa pín in lọ. Ṣé ibẹ̀ ni nọ́ńbà parí sí?"

"Kò wúlò. Bí ìlà bá ju ìyẹn lọ, táìlì inú ìlà kọ̀ọ̀kan ò ní pé mẹ́tàlélọ́gọ́ta, mo sì ti dán gbogbo ìyẹn wò. Èyí ò gbà kí ẹnikẹ́ni pín òun."

"Tẹ́ ẹ ní ìlà kan ṣoṣo nígbà náà, kó gba ojú títì lọ. Ìyá á máa jókòó lórí ẹ̀ bí ẹyẹ orí wáyà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ju ṣọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀, ó kọjú sí òkìtì táìlì. "Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín? Ẹ ò lè ṣe é kó pé?"

"Ó pé." Ìyá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹgbàajì ni. Ẹyọ kan yẹn, èènì ni. Bàbá rẹ ò ṣe iṣẹ́ rí kó má fi ẹyọ kan lé e, nítorí èyí tó bá fọ́."

"Ìyá! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko!"

"Ṣé o bi mí ni? Ògiri lò ń bi."

Ó yọ ọ̀kan kúrò. Nọ́ńbà alágídí náà tú bí ìdì igi tí okùn rẹ̀ já, ó ṣe é pín sọ́nà méjì, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ. Àádọ́ta ìlà, ọgọ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi tẹ́ ẹ, ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹ̀sọ̀ tò wọ́n. Kò sí èyí tó fọ́.

Ó na ẹyọ tó kù sí Ìyá. "Ṣebí ẹ ní ẹyọ kan ò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni mo wí."

Ìyá gbà á, ó gbé àga sáàárín táìlì, ó jókòó, ó gbé èènì náà lé itan.