Ọwọ́ Yúnúsà Lórí Kùránì

Imú ni ọkọ mi Yúnúsà fi ń ṣòwò obì. Kí wọ́n tó gbé apẹ̀rẹ̀ gbàǹja sínú ọkọ̀ Kánò, yóò ki imú bọ ewé tí wọ́n fi dì í. Bí ẹyọ kan bá ti ń rà nísàlẹ̀, ó ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Gbogbo olóbì Ṣàgámù ló gbà á gbọ́.

Lọ́dún 1979, ẹrù mẹ́ta tó ní ó dáa ló jẹrà dé Kánò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Wọ́n gbé Kùránì kalẹ̀ pé kó gbọ́wọ́ lé e, kó búra. Bó ṣe gbọ́wọ́ ọ̀tún lé e ni ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ta ni yóò tún wádìí? Wọ́n lé e kúrò láàárín wọn. Èmi Wúlẹ̀mọ̀tù, ìyàwó rẹ̀, náà di ẹrù mi, ó di ilé bàbá mi n'Íbídò. Ìwà òmùgọ̀ ni mo hù, n kò ní bò ó.

Ìgbà tí mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, tí kò lè so okùn ṣòkòtò mọ́, ni mo padà. Lọ́dún 1983, ọmọ wa Àlíyù kó wa lọ bá dókítà kan n'Íbàdàn. Dókítà ní kí Yúnúsà gbọ́wọ́ lé itan: ó ń gbọ̀n. Ó ní kó nawọ́ mú ife: gbígbọ̀n náà rọlẹ̀. Ó wá gbé ọṣẹ olóòórùn sí i nímú.

"Bàbá, kí lẹ gbọ́?"

"N kò gbọ́ nǹkan kan."

Dókítà ní àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní Pákínsìn ni. Ọwọ́ tó bá sinmi ló ń gbọ̀n jù, imú sì lè ti kú ṣáájú ọwọ́. Oògùn rẹ̀ ń ran ara lọ́wọ́ ni, kì í wò ó sàn.

"Imú mi ló kú?" ni Yúnúsà wí. "Mo rò pé obì ló mọ́ ni."

Ẹkún ni mo sun dé Ṣàgámù. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Nígbà àkọ́kọ́, hóró oògùn kan ń gbé e láti àárọ̀ dọ̀sán. Nígbà tó fi di 1988, kì í pé wákàtí méjì mọ́, oògùn náà sì ti di àwátì. Ohun kan ṣoṣo ni Yúnúsà ń bẹ̀bẹ̀ fún: kó tún búra, kí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ku hóró kan. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo fún un lò, mo bá a ṣe àlùwàlá, a lọ bá àwọn olóbì. Wọ́n kí wa, wọ́n kí ara wọn, wọ́n pa obì, wọ́n ń retí ẹnì kan tí kò tètè dé. Mo ń wo oòrùn. Nígbà tí wọ́n gbé Kùránì dé, oògùn ti tán lára Yúnúsà.

Ọwọ́ náà gbọ̀n. Mo ṣàlàyé àìsàn náà títí ẹnu fi ń dùn mí. Wọ́n ní Ọlọ́run ló mọ̀.

Nígbà tí a délé, ó bi mí pẹ̀lú ohùn tí kò jáde dáadáa mọ́: "Wúlẹ̀, ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbà mí gbọ́?"

"Mo gbà yín gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó foríjì mí, ṣùgbọ́n àìsàn náà ti sọ ojú rẹ̀ di ojú ẹni tó kàn jókòó lásán. Mo wò ó títí di ọjọ́ tó kú. N kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.