Àtẹ́wọ́ tí Màmá mi pa fún mi lórí ìrun

Màmá mi dójú tì mí lónìí, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn!

Látìgbà tí wọ́n ti gba ìtọ́jú kímò fún jẹjẹrẹ ọyàn ni wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan. Bí wọ́n bá ń kírun, wọn kì í rántí iye òpó tí wọ́n ti kí. Lóṣù tó kọjá, dókítà wọn l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí fún wọn ní oògùn kan fún ọpọlọ. Ó ní kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, ká ṣì máa wò ó.

Lónìí, èmi ni mo ṣáájú wọn kírun Alásàrì ní pálọ̀. Mo jókòó kí n ṣe sálámà tá a fi ń parí ìrun, ni mo bá gbọ́ "pà!" lẹ́yìn. Àtẹ́wọ́ ni obìnrin fi ń sọ fún lèmọ́mù pé ó ti ṣàṣìṣe. Mo rò pé wọ́n tún ti gbàgbé ni.

"Pà! Pà!"

Áà! Òpó mẹ́ta péré ni mo kí dípò mẹ́rin! Mo sáré dìde.

Nígbà tá a parí, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú."

Wọ́n wò mí. "Ṣé èmi ni mo gba kímò ni, àbí ìwọ?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹni tí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́ fún rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́wọ́ nísàlẹ̀ yìí. Màmá ń kà á o!