Ohùn Felicia ní Igbó Ọlọ́bọ

Bí Felicia Ọmọ́ṣẹ̀yìndé bá kí ènìyàn ní Òkukù, ẹni tó wà ní ojúlé kẹta ló máa ń dáhùn. Kì í ṣe pé ó ń bínú, kì í sì í ṣe oníjà. Iṣẹ́ tíṣà ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, ní ilé-ìwé kan tí kíláàsì mẹ́ta ń lo gbọ̀ngàn kan ṣoṣo láìsí ògiri láàárín wọn. Bí tíṣà ọwọ́ ọ̀tún bá ń kọ́ àwọn ọmọ lórin, tí ti ọwọ́ òsì ń ka ìtàn Jónà, Felicia á gbé ohùn rẹ̀ gba àárín àwọn méjèèjì kọjá bí ọkọ̀ akẹ́rù. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ parí, ohùn kò parí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó ń lọ, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí pé bó bá ti la ẹnu, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ dùùrù mọ́. Wọ́n ní kó máa fi àga han àwọn àlejò. Tọkọtaya kan rò pé ó ń lé àwọn ni, wọ́n yí padà sílé. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò mọ ohun tí gbogbo ayé ń wí. Titus lorúkọ ọkọ náà. Òun ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata lẹ́bàá ọjà, ariwo ẹ́ńjìnì náà sì ti dí i létí tipẹ́.

"Ìyàwó mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀," ni Titus máa ń sọ fáwọn ènìyàn. "Ó kàn máa ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́ ni."

Bí ayé Felicia ṣe rí nìyẹn kí ọ̀rọ̀ Igbó Ọlọ́bọ tó dé. Igbó ńlá ni, ó wà láàárín Òkukù àti Inísà, ó sì na ọwọ́ kan sí apá Ìkìrun. Kò sẹ́ni tó ń ronú nípa rẹ̀ títí àwọn agégẹdú fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Odò tó ń ti inú rẹ̀ ṣàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Àwọn ọ̀bọ tí wọn kò rí igi gùn mọ́ kó wá sígboro. Ọ̀kan wọ ilé ìdáná pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ní Inísà, ó gbé ìkòkò mọ́ínmọ́ín gun òrùlé, ó sì jókòó síbẹ̀, ó ń tú ewé rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n fi ìwé pè wá síbi àsè.

Ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín yìí ló mú kí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pe ìpàdé. Alága wọn ni Alhaji Abdulwaheed, ọmọ Ìkìrun tó ń ṣe ẹnjiníà ní Ìbàdàn, tó máa ń wálé lópin ọ̀sẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn wa," ni Alhaji wí, "igbó yìí kì í ṣe ti gọ́fúmẹ́ǹtì nìkan. Àwa tá a ń mu omi rẹ̀ la máa dáàbò bò ó. Ta ló máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ?"

"ÈMI!" ni Felicia wí. Bàbá kan tó ń sùn lẹ́yìn ṣubú lórí bẹ́ǹṣì.

Àwọn ará Òkukù wo ara wọn lójú. Ó wù wọ́n kí wọ́n kọ̀, ṣùgbọ́n ta ni ohùn rẹ̀ máa borí tirẹ̀? Báyìí ni àwọn ọkùnrin Ìkìrun ṣe gba apá tó kọjú sí ìlú wọn, tí wọ́n sì fún Felicia ní apá odò. Wọ́n fi Jemima kún un, onídìrí kan ní Inísà. Wọ́n ní ẹni tí àwọn oníbàárà ń rojọ́ sí létí látàárọ̀ dalẹ́ á lè fara da Felicia.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ igbó, wọ́n gbọ́ tí ẹ́ńjìnì agégi ń hó lọ́ọ̀ọ́kán. Jemima fi ìka lé ètè. Felicia mi orí pé ó yé òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn bí àwọn aláṣẹ ṣe kọ̀ láti mọ ògiri sí gbọ̀ngàn wọn nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ńṣe ló rọra ń sọ ọ́. Kó tó dé ìdajì ìtàn, ẹ́ńjìnì ti dákẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa débẹ̀, kò sí ẹnì kankan. Ẹ̀bà wà nínú abọ́, oru ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí iná.

Jemima ṣí ìkòkò wò. "Wọ́n fi ẹja àrọ̀ sí i, Mọ́mì."

"OÚNJẸ OLÈ NI!" ni Felicia wí. Gbogbo ẹyẹ fò kúrò lórí igi.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ṣùgbọ́n olè ti lọ, ọbẹ̀ ló kù."

Wọ́n jẹ ẹ́. Bó ṣe ń rí nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ: wọn kì í bá ènìyàn, oúnjẹ gbígbóná ni wọ́n máa ń bá. Nígbà tó yá, Jemima ń mú ṣíbí dání láti ilé. Ó tiẹ̀ sanra díẹ̀.

Àwọn ará Ìkìrun ní tiwọn ti mú agégẹdú bí i mélòó kan, wọ́n sì ya fọ́tò wọn. Ní ìpàdé kejì, Alhaji rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin ò tíì mú ẹnì kankan. Ohùn yín ló ń lé wọn. Ta ló ń lu agogo tó fẹ́ mú eku, wàláhì?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Felicia. Ó délé, ó sunkún, àwọn aládùúgbò sì sáré wá, wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀.

"Ta ló ní ò ń pariwo?" ni Titus bi í. "Èmi tá a jọ ń gbé, ìgbà míì mi kì í gbọ́ ohun tó o sọ."

Èyí tù ú nínú, àmọ́ ó ti pinnu. Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n tún máa lọ, ó ju tọ́mù-tọ́mù méjì sẹ́nu, ó sì fọwọ́ ṣàpèjúwe fún Jemima pé òun ò ní sọ̀rọ̀ títí àwọn á fi padà délé. Wọ́n rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wọ igbó. Jemima ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tóun máa mọ̀ pé kòkòrò ń dún nínú igbó náà.

Àfi bí wọ́n ṣe já sáàárín àwọn agégẹdú gan-an! Wọ́n ti fi ọ̀dà sàmì sí igi ìrókò mẹ́ta, ẹ́ńjìnì wà nílẹ̀. Jìnnìjìnnì bo Jemima. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn kàn wo àwọn obìnrin méjèèjì, ó ní:

"Ẹ̀yin olóúnjẹ tuntun, ibo lẹ wà látàárọ̀? Ebi fẹ́ pa wá kú. A ò sì ní tan ẹ́ńjìnì láìjẹun."

Jemima wo fóònù rẹ̀, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ọgbọ́n kan sọ sí i nínú.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ló wí. "Ẹ̀wà la fẹ́ sè."

"Ìrẹsì ńkọ́? Ìrẹsì wà nínú àpò yẹn."

"Ìrẹsì kì í gbé agégi ró, sà."

Ló bá jókòó, ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá wúrà. Felicia jókòó lórí gbòǹgbò, ó ń lá tọ́mù-tọ́mù rẹ̀. Ọ̀gá wá jókòó tì í.

"Ìyá, ìwà pẹ̀lẹ́ yín yìí mà wù mí o. Inú igbó yìí ò dáa. Obìnrin kan ń bẹ níbí tó máa ń kígbe. A ò rí i rí, ohùn rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́. Àwọn kan ní iwin ni."

Felicia mi orí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ọ̀gá rò pé àánú ló ṣe é.

Ó ṣeé ṣe kí Felicia fara dà á dópin, bí kì í bá ṣe pé ọ̀gá náà yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé: "Ìtì igi mẹ́ta, ká la ìkọ̀ọ̀kan sí pákó mẹ́jọ. Méjìlélógún nìyẹn."

"MẸ́RÌNLÉLÓGÚN NI!"

Tọ́mù-tọ́mù kan fò jáde, ó ba ọ̀gá níwájú orí. Gbogbo ọ̀bọ inú igbó dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Iwin náà rèé!" ni ọ̀gá kígbe. Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó sì gba inú odò lọ tòun taṣọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Onírùngbọ̀n kan ṣoṣo ló dúró. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó na ọrùn, ó sì ń kà á sókè: "Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta, mẹ́rìnlélógún. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́rin, méjìlélọ́gbọ̀n. Mẹ́jọ lọ́nà márùn-ún..."

Felicia sún mọ́ ọn. "AYỌ̀DÍJÍ! Ṣé ìwọ tó o máa ń jẹ ṣọ́ọ̀kì mi nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Mo ti jáwọ́ mà."

"Kí ló dé tó ò fi sá?"

"Ẹ ò tíì ní kí n jókòó mà."

Wọ́n se ẹ̀wà náà, wọ́n jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó mú Ayọ̀díjí wálé. Nígbà tí ìpàdé tún pé, Alhaji da ìbéèrè bo Ayọ̀díjí, ó bi í ní ibi tí iṣẹ́ wọn ti máa ń rọrùn jù.

"Apá Ìkìrun ni, sà."

Àwọn ọkùnrin Ìkìrun fò dìde. "Ṣebí àwa là ń mú yín!"

"Ẹ̀ ń mú wa lóòótọ́, àmọ́ igi á ti wó kẹ́ ẹ tó dé. Ní apá odò, a ò rí ìtì kan gbé rí. Bá a bá ti ń gbọ́ ìtàn ògiri yẹn lókèèrè, a ó ti máa sá. Inú ń bí ọ̀gá wa pé àwọn ò mọ bó ṣe parí."

Alhaji ṣí fìlà, ó fi nu ojú.

"Màmá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ yí gbogbo igbó náà po. Ohùn yẹn, ẹ má dín in kù rárá."

Felicia ní òun á gbìyànjú. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Òkukù ló kọ́kọ́ dìde pé kí wọ́n fi kún ọjọ́ tó ń lọ, pé àwọn tiẹ̀ á máa gbé e gun ọ̀kadà. Ayọ̀díjí di ẹnì kẹta wọn. Jemima bínú díẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó ń se ọbẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó mọ́.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀fìnkìn dá Felicia dúbúlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ pátápátá. Ìlú mẹ́ta kò sùn. Oyin ti Ìbàdàn dé láti ọ̀dọ̀ Alhaji, àwọn ará Inísà gbé àgbo wá, ẹnìkan tilẹ̀ gbé atalẹ̀ wá láti Èkó Èǹdé. Kò sí ìyàtọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n rọra fà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ní kí olúkúlùkù gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

"ÀMÍN!"

Gíláàsì fèrèsé dún. Ọmọ ọwọ́ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àlùfáà sì sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó ń jó lọ bá a.